Ọpẹ́ Tó Fẹ́ Gbaṣẹ́ Lọ́wọ́ Mánẹ́jà Ìlú

Ohun tó ń ba Láyíwọlá Akínṣọlá lẹ́rù lówùúrọ̀ Sátidé yẹn kì í ṣe ẹ̀sùn. Ẹ̀sùn ti mọ́ ọn lára bí aṣọ iṣẹ́. Ọpẹ́ ló ń bà á lẹ́rù.

Wùmí ìyàwó rẹ̀ ló gbé ìròyìn náà wọlé. Nọ́ọ̀sì ni Wùmí, ẹnu iṣẹ́ ló ti ń bọ̀. Kò tíì bọ́ bàtà tán tó fi ní, "Bàbá Tọ́mi, ẹ kú oríire o. Ìyá Ìjọ pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní gbogbo ìjọ ń bọ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ní Tuesday, ní City Hall, lójú gbogbo ìgbìmọ̀ ìlú."

Tíì ni Láyíwọlá ń mu. Tíì náà ṣìnà, ó gba ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Ọkùnrin náà wúkọ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, Wùmí sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́yìn bí ẹni ń gbọn eruku lára ẹní.

"Tuesday wo?" ló wí nígbà tí ohùn rẹ̀ padà dé.

"Tuesday tó ń bọ̀ yìí kẹ̀."

"Wùmí, Tuesday tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ dìbò bóyá kí n máa ṣiṣẹ́ lọ tàbí kí n máa lọ sílé."

Wùmí bọ́ bàtà kejì. "Ó kúkú dáa bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá lé yín, àwọn ìjọ á ti wà níbẹ̀ tí wọ́n á bá yín kó ẹrù."

Mánẹ́jà ìlú ni Láyíwọlá, ní Dry Bayou, ìlú kékeré kan tó há sáàárín Houston àti League City. Bí awakọ̀ bá sín lórí ọ̀nà márosẹ̀ freeway, yóò ti kọjá ìlú náà kó tó la ojú. Dry ni wọ́n pè é, ìyẹn gbígbẹ. Ó dájú pé ẹni tó ń ta ilẹ̀ ibẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ, nítorí bí òjò bá kàn ṣú ní Galveston létí òkun, Dry Bayou ti bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi.

Third Ward, ní Houston, ni Láyíwọlá ti kàwé ẹnjiníà, ó sì bá àwọn tó ń ṣètò omi ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Dry Bayou tó gbà á. Nígbà tó sọ fún àwọn ará ilé pé òun ti di mánẹ́jà ìlú, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó béèrè irú adé tí wọ́n ń dé níbẹ̀. Láyíwọlá ní kò sí adé. Bàbá ní kó má ṣèyọnu, kó sáà fi ìwọ̀n orí rẹ̀ ránṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ náà kò jọ ti ọba rárá. Ènìyàn márùn-ún ni ará ìlú dìbò yàn: Mayor kan, kánsílọ̀ mẹ́rin. Gbogbo wọn ló ní iṣẹ́ òòjọ́ tiwọn. Mayor Noah ń yan ẹran tà lẹ́bàá freeway, òórùn ẹran náà kì í sì í fi í sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé bó bá ń sọ̀rọ̀ ètò ìnáwó, itọ́ ni gbogbo gbọ̀ngàn ń gbé mì. Àwọn márùn-ún yìí á pàdé lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n á ní, "A fẹ́ kí ọ̀nà dára, kí omi mọ́, kí owó orí má sì lọ sókè." Wọ́n á ká ìwé wọn, wọ́n á lọ sùn. Bí yóò ṣe ṣẹlẹ̀, mánẹ́jà ló mọ̀. Òun ni yóò wá ẹni tó máa tún ẹ̀rọ omi ṣe. Òun ni yóò rán ẹni tó máa gbé òkú ẹranko kúrò lójú títì. Òun náà ni yóò pẹ̀tù sí ìyá tó ní àkùkọ aládùúgbò òun ń kọ kí ilẹ̀ tó mọ́, tó sì ń béèrè ohun tí ìjọba fẹ́ ṣe sí i. Mánẹ́jà kò ní ìbò. Bí mẹ́ta nínú àwọn márùn-ún bá nawọ́ sókè lọ́jọ́ kan, ó di kó máa lọ. Ọba tí ènìyàn mẹ́ta lè fi ọwọ́ lásán yọ, ṣé ọba nìyẹn?

Ẹni tó ń wá ọwọ́ mẹ́ta yẹn ni Kánsílọ̀ Cornelius, àgbàlagbà kan tó ń ta ìṣó, ọ̀dà àti àgádágodo láàárín ìlú. Ó ti ní méjì, tirẹ̀ àti ti kánsílọ̀ kan tó máa ń bá a lọ síbi tó bá lọ. Ó ku ẹyọ kan. Ẹ̀sùn rẹ̀ kò gùn: ó ní òpópónà Pecan ni mánẹ́jà kọ́kọ́ tún gọ́tà rẹ̀ ṣe nínú gbogbo ìlú, nítorí pé ìjọ àwọn ènìyàn mánẹ́jà wà níbẹ̀.

Ẹ̀sùn náà burú lọ́nà méjì. Kì í ṣe òótọ́, ó sì jọ òótọ́. Pecan ni omi ń yà wọ̀ jù, orí rẹ̀ ni ètò ti bẹ̀rẹ̀ kí Láyíwọlá tó dé ìlú, ìgbìmọ̀ náà ló sì fọwọ́ sí owó rẹ̀. Lóòótọ́, ìjọ aláṣọ funfun kan wà ní ìparí òpópónà ọ̀hún, nínú ilé tí wọ́n ti ń ta kápẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Láyíwọlá kì í ṣe ọmọ ìjọ náà. Stafford, ìlú mìíràn, ló ti ń jọ́sìn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló wọ ibẹ̀, nígbà tí Dókítà Olúṣẹ́gun, oníṣègùn eyín, ń sọ ọmọ lórúkọ. Ó jẹ ìrẹsì, ó lọ sílé. Ní ti Ìyá Ìjọ, ẹni tó bá ti jẹ ìrẹsì wọn ti di ọmọ ìjọ títí ayérayé.

Òjò ńlá wá rọ̀ lọ́jọ́ ìkórè wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lọ́dọọdún, orí àga ni akọrin máa ń dúró kọrin ìkórè, tí pẹ́pẹ́yẹ á máa lúwẹ̀ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò tí wọ́n fi ìwé pè. Lọ́dún yìí, gọ́tà gbé omi mì káló. Ilẹ̀ gbẹ, ẹsẹ̀ gbẹ. Ọpẹ́ wá di dandan.

Láyíwọlá gbé tíì sílẹ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó kọrí sílé Ìyá Ìjọ.

Ìyá Ìjọ ń lọ sùtánà nígbà tó wọlé. Ìyá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìntì ni, bó sì ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú nígbà náà ló ṣe di áyọ́ọ̀nù mú báyìí: bí ẹni tí kò ní gba àwáwí. Láyíwọlá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde, ọmọ mi, dìde. Kápẹ́ẹ̀tì yẹn kò mọ́ tó aṣọ rẹ."

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ̀bẹ̀ ni mo bá wá. Wọ́n ní ẹ ń bọ̀ wá dúpẹ́ ní Tuesday."

"A ń bọ̀ kẹ̀. Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pe ìjọ wa ní ọlọ́ṣà ni?"

"Rárá o, mà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló yẹ kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ta wá ni? Kátápílà?"

"Ẹni tó wa kátápílà, bẹ́ẹ̀ ni mà."

Ìyá Ìjọ wò ó látòkè délẹ̀. "Ìwọ ẹ̀wẹ̀, Láyí. Ìwọ tí o ni gbogbo ìlú."

"Mi ò ni ín, mà. Ẹ wò ó báyìí. Ìlú dà bí ilé kan. Àwọn tó ń gbébẹ̀ ló ni ín. Wọ́n yan ènìyàn márùn-ún pé kí wọ́n máa bá àwọn pàṣẹ. Àwọn márùn-ún yẹn ló gbà mí síṣẹ́. Wọ́n á ní kí ilẹ̀ mọ́. Èmi ni mò ń gbálẹ̀."

"O ń gbálẹ̀, o wọ táì."

"Mo wọ táì, mò ń gbálẹ̀, mà."

"Ṣé wọ́n lè lé ẹ?"

"Tuesday yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ dìbò sí i. Ẹ̀sùn wọn ni pé mo gbẹ́ gọ́tà fún àwọn ènìyàn mi."

Áyọ́ọ̀nù dúró lójú òfuurufú. "Nítorí gọ́tà wa ni wọ́n ṣe fẹ́ lé ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Bí wọ́n bá wá rí yín níbẹ̀ tí ẹ ń dúpẹ́..."

"Ó ti yé mi." Ìyá Ìjọ mi orí. "Bọ́ọ̀sì kan la fẹ́ gbé wá tẹ́lẹ̀. Ó ti di méjì."

Láyíwọlá fẹ́ tún dọ̀bálẹ̀, ó rántí ohun tí ìyá sọ nípa kápẹ́ẹ̀tì.

"Ta lẹni náà gan-an?" Ìyá Ìjọ bá ọ̀rọ̀ lọ. "Fún mi lórúkọ rẹ̀, kí n mọ èyí tí a ó máa pè nínú àdúrà àárọ̀."

"Cornelius ni, mà, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àdúrà lé e. Ọkùnrin yẹn ló jẹ́ kí gọ́tà yín ṣiṣẹ́."

"Báwo?"

"Páìpù tí èmi fẹ́ kí wọ́n rì sábẹ́ ọ̀nà kéré. Òun ló ní kò ní lè gbé omi. Ó dá nìkan dìbò pé òun kò fọwọ́ sí i. Ó bí mi nínú, mà. Mo ní kí ni oníṣòwò ìṣó mọ̀ nípa omi? Nígbà tí mo délé, mo tún ìṣirò ṣe. Òótọ́ ló sọ. Mo pààrọ̀ páìpù náà sí èyí tó tóbi. Ká ní ti tẹ́lẹ̀ ni, orí àga lẹ ò bá tún ti kọrin."

"O sì lọ sọ fún un pé o ṣeun?"

Láyíwọlá wo ilẹ̀. "Ó ti ń bá mi jà nígbà yẹn, mà. Ojú mi ò gbà á."

Ìyá Ìjọ tẹjú mọ́ ọn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Láyíwọlá fi rò pé àánú òun ló ń ṣe é, kó tó rí èéfín. Áyọ́ọ̀nù ti balẹ̀ sórí sùtánà, ó sì ti ya àwòrán ara rẹ̀ sí i lẹ́yìn, àwọ̀ ilẹ̀, ẹnu ṣóńṣó.

"Kò burú," ni Ìyá Ìjọ wí, ó ká sùtánà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Ẹ má dárúkọ mi. Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Ẹ má sì gbé ẹ̀bùn kankan fún mi, òfin ò fàyè gbà á."

"Iṣu ńkọ́?"

"Ẹ̀bùn ni iṣu, mà."

"Oúnjẹ ni iṣu."

"Ìyá wa."

"Mo ti gbọ́. Mo ṣèlérí. Lọ fọkàn balẹ̀."

Ó fi orin délé. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Wùmí tó ti wọ bẹ́ẹ̀dì. Wùmí la ojú kan. "Wọ́n ní àwọn ò ní dárúkọ yín. Ṣé wọ́n wá ní àwọn ò ní wá ni?"

Orin tán.

Ní Tuesday, bàtà ló kọ́kọ́ dé City Hall. Aláṣọ funfun kì í wọ bàtà sí sùtánà, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n sì bọ́ gbogbo rẹ̀ sí, bàtà gíga, bàtà eléré ìdárayá, sálúbàtà, tó fi jẹ́ pé obìnrin kan tó wá san owó omi béèrè iye tí wọ́n ń ta dúdú yẹn. Àwọn tó ni bàtà wọlé tẹ̀ lé e, ọ̀wọ́ lọ́wọ̀ọ́, wọ́n kún gbọ̀ngàn tí èrò rẹ̀ kì í ju ẹni mẹ́rin lọ lọ́jọ́ ìpàdé, tí ọ̀kan nínú mẹ́rin ọ̀hún sì máa ń wá nítorí ẹ̀rọ amúlétutù.

Mayor Noah tẹ̀ sí Láyíwọlá létí. "Ṣé àwọn tó ń kọ́ kàrátè ló háyà gbọ̀ngàn lónìí ni?"

"Ìjọ kan ni, sà. Láti òpópónà Pecan."

Cornelius gbọ́ Pecan. Ó yí ojú padà, ó rí funfun ṣáá, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọdẹ tí ẹran ìgbẹ́ rìn wá bá nídìí ìkòkò. Kó tó di pé Mayor ní kí àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó ti di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú.

"Mánẹ́jà, ṣé o mọ àwọn ènìyàn yìí?"

"Mo mọ̀ wọ́n, sà."

"Ṣé àwọn náà mọ̀ ẹ́?"

Ìlérí tí Ìyá Ìjọ ṣe ti dé etí gbogbo ìjọ. Kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ aládàkàdekè. Lẹ́ẹ̀kan náà ni gbogbo wọn gbójú sókè, wọ́n ń wo àjà ilé. Dókítà Olúṣẹ́gun bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

"Wọn ò mọ̀ ọ́n," ni Cornelius wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Kí wá nìyí?"

Ó fa nǹkan yọ nínú báàgì, ó tú u. Kàlẹ́ńdà ni. Kàlẹ́ńdà ìkórè, bébà tó ń dán, tó ga tó ọmọ ọdún méjì. Ìyá Ìjọ wà lápá ọ̀tún, àdàbà funfun wà lápá òsì, ní àárín gbùngbùn sì ni ojú Láyíwọlá Akínṣọlá wà, rẹ̀bẹ̀tẹ̀, pẹ̀lú adé lórí. Adé ìlẹ̀kẹ̀. Ẹnìkan ti fi kọ̀ǹpútà dé e. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ́ lédè Òyìnbó pé ọmọ wa nìyí, Ọba Dry Bayou.

"Ara ògiri ibi tí mo ti ń fọ mọ́tò ni mo ti rí i," ni Cornelius wí.

Láyíwọlá kò rí nǹkan náà rí láyé rẹ̀. Ó wo adé, adé wò ó.

Mayor Noah, tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni ìbò kẹta wà, wo kàlẹ́ńdà, ó wo mánẹ́jà. "Ọba?" ló wí. Ohùn ẹni tó ń ta ẹran láti òwúrọ̀ kó tó wá ṣe Mayor ni, tí kò sẹ́ni tó dé e ní fìlà rí.

"Mo ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ nìyí, sà."

"O jọba, o ò mọ̀?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Láyíwọlá kò rẹ́rìn-ín. Ó ń rò ó pé ní ọjọ́ orí òun yìí, ibo lòun yóò ti tún kọ ìwé ìwáṣẹ́, àti pé bí wọ́n bá béèrè ìdí tí òun fi kúrò ní Dry Bayou, ṣé òun yóò ní wọ́n rọ òun lóyè ni. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ó fẹ́ràn àwọn ẹ̀rọ omi tó ti gbó, ìyá alákùkọ, àní àwọn ìpàdé gan-an. Kò tíì sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ìjọ ti dé iwájú. Dókítà Olúṣẹ́gun dúró tì í gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀, nítorí ìyá ní ọpẹ́ kì í dùn lédè àlejò.

"Ẹ̀yin àgbà ìlú," ni Ìyá Ìjọ bẹ̀rẹ̀ lédè Yorùbá, "ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àmójútó wa. Bí ẹ ṣe lé omi kúrò nílé wa, ìbànújẹ́ ò ní wọlé yín. Ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ. Ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́. Ẹ ò ní sin ọmọ, ọmọ ni yóò sin yín, wọn á sì sin yín pẹ̀lú ìdùnnú."

Ó dúró kí ògbufọ̀ bá a túmọ̀ rẹ̀. Òógùn bo Dókítà Olúṣẹ́gun. Ó wo àwọn márùn-ún tó jókòó sókè, ó wo ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó sì rò ó bí yóò ṣe dún létí wọn pé obìnrin kan ní àwọn ọmọ wọn á fi ìdùnnú sin wọ́n.

"Màmá ní ẹ ṣé," ló wí.

"Gbogbo ìyẹn?" ni Mayor Noah béèrè.

Ìyá Ìjọ yíjú sí ògbufọ̀. "Olúṣẹ́gun, mo kó odindi ẹnu eyín lé ọ lọ́wọ́, ẹyọ kan lo fún wọn. Lọ jókòó." Ó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bọ́ sí èdè Òyìnbó, Òyìnbó tó ti fi pàṣẹ fún àwọn dókítà Houston títí tó fi fẹ̀yìntì.

"Kàlẹ́ńdà yẹn, èmi ni mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Adé yẹn, èmi ni mo ní kí wọ́n dé e. Ní ilẹ̀ wa, bí a bá fẹ́ràn ènìyàn, a máa ń tẹ̀ ẹ́ sí kàlẹ́ńdà. A kì í béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, torí bí a bá béèrè, á ní rárá. Mo rò pé ẹni tó bá jẹ́ mánẹ́jà ìlú ló ni ìlú. Àfi bí ẹnìkan ṣe wá bá mi nílé, ẹni tí mo ti ṣèlérí pé mi ò ní dárúkọ, tó sọ fún mi pé irọ́ ni. Ó ní ẹ̀yin lẹ̀ ń pàṣẹ, ó ní òun kàn ń gbálẹ̀ ni. Ó ní bí mo bá fẹ́ dúpẹ́, kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é."

Ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó wa kátápílà, tí kò wulẹ̀ sí níbẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tó ń gbowó omi, tí orí rẹ̀ wú débi tó fi gbàgbé ẹni tó ń fún ní ṣéńjì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Mayor, ó ní ẹran rẹ̀ ò ní jóná láé, Mayor Noah sì fi ọwọ́ kan àyà. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé, "Ta ló ń jẹ́ Cornelius?"

Cornelius, tó ti ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, na ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ iléèwé tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ìyá Ìjọ rìn dé iwájú rẹ̀. Ó wò ó dáadáa. Ó kúnlẹ̀.

Bí ìyá ṣe kúnlẹ̀, àwọn obìnrin kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, ilẹ̀ City Hall di funfun láti ògiri dé ògiri. Ọlọ́pàá gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ó tún gbé e padà. Wọn ò kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tó ti sùn sílẹ̀ kí a tó ní kí wọ́n sùn.

"Ẹni tí mi ò gbọ́dọ̀ dárúkọ," ni Ìyá Ìjọ wí, "ó ní ẹ̀yin lẹ sọ pé páìpù kéré. Ó ní ó bí òun nínú. Ó ní òun tún ìṣirò ṣe, ẹ jàre òun, òun sì pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní bí kì í bá ṣe tiyín, omi ì bá tún gbé ìkórè wa lọ. Ẹ ṣeun, sà. Ká ní mo mọ̀ ni, ẹ̀yin ni ǹ bá dé ládé."

Ojú Cornelius ti pọ́n bí ata. "Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ dìde."

"Ẹ gba ọpẹ́ náà ná."

"Mo gbà á."

"Ẹ ṣe àmín."

"Àmín," ni Cornelius wí. Ó yí sí Láyíwọlá. Ẹ̀rín ọdẹ ti lọ. "Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀? Nípa mi? Nínú ilé wọn?"

"Èmi ni, sà."

"Nígbà tí o mọ̀ pé mò ń wá bí mo ṣe máa lé ẹ?"

"Òótọ́ ni, sà, páìpù kéré. Ó yẹ kí n ti wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín tipẹ́. Ẹ ṣeun, sà."

Cornelius bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Gbogbo ìjọ ń retí kó sunkún. Dókítà Olúṣẹ́gun ti yọ tíṣù sílẹ̀ fún un.

"Èyí túmọ̀ sí pé," ni Cornelius wí, ohùn rẹ̀ sì tún ti le bí ìṣó tó ń tà, "o pààrọ̀ páìpù ìlú láìsọ fún ìgbìmọ̀."

Mayor Noah mí kanlẹ̀.

"Owó rẹ̀ kò kọjá èyí tí ẹ fọwọ́ sí, sà, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò sọ. Ẹ̀bi mi ni."

"Ẹ̀bi rẹ ni. A kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́, yálà ó jàre ni o tàbí ó jẹ̀bi. Bí o bá ti sọ, mi ò bá má ro ohun tí mo rò." Cornelius ká kàlẹ́ńdà, ó kọjú sí ìgbìmọ̀. "Ohun tí mo sọ nípa òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀, mo kó o jẹ. Òpópónà yẹn ló yẹ kó ṣáájú, wọ́n sì tún un ṣe dáadáa, torí àwa méjì jà. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ fi kún iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìwé àdéhùn yìí, mi ò fọwọ́ sí i. Ọdún kan. Kó máa wá sọ gbogbo ohun tó bá yí padà fún wa. Lẹ́yìn ọdún kan, a ó tún wò ó."

Wọ́n dìbò. Ọwọ́ márààrún lọ sókè fún ọdún kan, ti Cornelius ló sì kọ́kọ́ lọ. Láyíwọlá di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú. Ọdún kan. Ó ti wá retí òfo, wọ́n bu ọdún kan fún un. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Mo dúpẹ́ o," lédè Yorùbá, gbogbo ìjọ sì ṣe "àmín" tó mi fèrèsé.

Nígbà náà ni wọ́n gbé kúlà ìrẹsì wọlé. Láyíwọlá ní, "Ìyá wa, ẹ ṣèlérí." Ìyá Ìjọ ní, "Mo ṣèlérí pé mi ò ní gbé e fún ẹ. O rí i pé mo gbé e fún ẹ ni?" Mayor Noah béèrè lọ́wọ́ lọ́yà ìlú bóyá òfin gbà á. Lọ́yà náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti àárọ̀. Ó gbóòórùn ìrẹsì, ó ronú fún bí ìgbà tí ènìyàn ń wá ṣíbí, ó ní ohun tí wọ́n bá pín fún gbogbo gbọ̀ngàn kì í ṣe ti ẹnìkan. Gbogbo ènìyàn ló jẹ ẹ́, àfi mánẹ́jà. Ó dúró sí kọ̀rọ̀, ó ń mu omi Dry Bayou, kò sì sí ohun tó dùn ún tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní àárọ̀ Wednesday, kó tó dé ọ́fíìsì, ó yà sí ibi tí wọ́n ń kó mọ́tò ìlú sí. Ó rí ẹni tó wa kátápílà ní Pecan, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní ó ṣeun. Ọkùnrin náà fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Ṣé wọ́n fẹ́ lé mi ni, ọ̀gá?" Ó gba àlàyé díẹ̀ kí ara rẹ̀ tó balẹ̀.

Láti ibẹ̀ ló gba ṣọ́ọ̀bù Cornelius lọ. Bàbá náà ń to agolo ọ̀dà sórí pákó.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Kí ló tún bàjẹ́?"

"Kò sí nǹkan. Mo wá dúpẹ́ àná ni."

Cornelius gbé agolo sílẹ̀. "O ti dúpẹ́ lánàá."

"Ti àná nìyẹn, sà. Ní ilẹ̀ wa, bí wọ́n bá ṣe ni lóore lánàá, a tún máa ń jí wá kí wọn. Ẹni tí kò bá padà wá, wọ́n á ní kò mọ rírì rẹ̀."

Cornelius wò ó bí ẹni ń wo owó tí kò dá lójú. "Ní orílẹ̀-èdè yìí, bí ènìyàn bá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, nǹkan ló fẹ́ tà fún mi."

"Mi ò ta nǹkan kan, sà."

"O fẹ́ ra nǹkan?"

"Rárá, sà."

Bàbá náà nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó tún un nù. Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí kan síwájú Láyíwọlá pé kó jókòó, ó sì yíjú sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó pariwo pe ìyàwó rẹ̀.

"Wá wo nǹkan. Mánẹ́jà ìlú wà níbí. Kò mú ẹjọ́ wá, kò sì ra nǹkan. Ó kàn wá dúpẹ́ ni."

Ìyá àgbà kan yọjú láti ẹ̀yìn, ó nu dígí ojú rẹ̀, ó wo Láyíwọlá lórí àpótí, ó wò ó dáadáa.

"Ó mà ṣe o," ló wí fún ọkọ rẹ̀. "Ara rẹ̀ ò yá. Fún un lómi mu."